Fèrèsé òrùlé àti ìjì àkọ́rọ̀ òjò: èwo ló yẹ ilé yín?

Bí oṣù kẹta bá ti wọlé ní Ìlọrin, ojú ọ̀run làwọn onílé máa ń wò. Ooru á mú débi pé oorun kò ní ṣeé sùn, títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí apá ìlà-oòrùn á ṣú dúdú bí ìdí ìkòkò. Eruku lá kọ́kọ́ dìde. Igi máńgòrò á tẹ̀, páànù á bẹ̀rẹ̀ sí í lu pọ́lìn (igi tí a kan páànù mọ́) gbàgà-gbàgà, òjò kò sì tíì kán rárá. Ilé tó bá ní ojú ìmọ́lẹ̀ lórí òrùlé, ibẹ̀ ni ìjì sábà máa ń gbà wọlé.

Ojú ìmọ́lẹ̀ yìí, tí a ó máa pè ní fèrèsé òrùlé, kì í ṣe ti ilé olówó nìkan. Páànù funfun tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, tí káfíńtà há sáàárín páànù yòókù lórí kọ́rídọ̀ ní Tanke tàbí Fate, ọ̀kan ni. Gíláàsì orí àtẹ̀gùn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní GRA, ọ̀kan ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ilé ìdáná nínú agbo ilé àtijọ́ ládùúgbò Ọjà Ọba, ti gáréèjì ní Ọ̀fà, ti ilé adìẹ ní Òmù-Àrán àti Ajàṣẹ́-Ìpo. Ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà dáàbò bò ó pọ̀. Owó wọn kò dọ́gba, iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe kò sì dọ́gba. Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí àwọn ènìyàn ń rí kà lórí ọ̀rọ̀ yìí ló wá láti ilẹ̀ tí hurricane ti ń jà, èyí tó dára fún wọn níbẹ̀ sì lè má wúlò rárá níbí.

Ohun tí ẹ ó fi wọ̀n wọ́n

Àkókò ni àkọ́kọ́. Hurricane, ìjì ńlá orí òkun tó ń ja Florida àti àwọn erékùṣù Caribbean láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kọkànlá, kì í dé bá wọn lójijì. Àjọ tó ń ṣọ́ ọ ní Amẹ́ríkà máa ń kéde ìkìlọ̀ ní nǹkan bíi wákàtí 36 kí atẹ́gùn líle tó dé. Onílé á ráyè lọ ra pákó, á gun òkè, á kàn án, á sì kó ẹbí rẹ̀ lọ síbi tó fara sin. Ìjì tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí ìlà-oòrùn bá ti ṣú títí atẹ́gùn fi máa dé orí òrùlé yín, kì í sábà ju ìdajì wákàtí lọ, nígbà mìíràn kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. NiMet, àjọ tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, lè sọ pé ìjì ṣeé ṣe kó jà lónìí, kò lè sọ pé aago mẹ́rin ku ogún ni yóò dé Gáà Akanbí. (Ó yẹ ká mọ̀ pé ìgbì atẹ́gùn tó ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbí kúrò ló ń di ọ̀pọ̀ nínú àwọn hurricane ńlá wọ̀nyẹn. Orí òkun ni wọ́n ti ń gba agbára.) Nítorí náà, ààbò tó bá jẹ́ pé ènìyàn gbọ́dọ̀ gùn òkè lọ fi sí i nígbà tí ojú ọjọ́ bá ṣú, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìrò yín. Ẹni tó bá wà lórí páànù nígbà tí ìjì bá dé lè má padà sọ̀ kalẹ̀ láàyè.

Èkejì ni bí ó ṣe lè dúró bí atẹ́gùn bá ń fà á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ńṣe ni ìjì ń ti òrùlé wọlé. Rárá o. Bí ó ti ń sáré gorí òrùlé kọjá, òkè ló ń fà á sí, bí ẹni ń ṣí ìdérí ìkòkò. Bí atẹ́gùn bá ń sáré kìlómítà 80 ní wákàtí kan, agbára rẹ̀ lórí mítà 1 níbùú, mítà 1 lóròó, tó ìwúwo kìlógíráàmù 31. Bí eré náà bá di kìlómítà 160, ìlọ́po mẹ́rin ni agbára rẹ̀ á di: nǹkan bíi kìlógíráàmù 123, ó ju àpò sìmẹ́ńtì méjì lọ. Ní etí òrùlé, ní igun, àti lẹ́bàá ṣóńṣó rẹ̀, ó lè tó ìlọ́po méjì èyí tí a sọ yìí. Bí fèrèsé òrùlé bá sì ti ṣí, ọ̀ràn kì í mọ síbẹ̀: atẹ́gùn á wọ inú àjà, á máa ti òrùlé láti ìsàlẹ̀ nígbà tí ti òkè ń fà á. Bí odindi òrùlé ṣe ń ṣí lọ sílẹ̀ aládùúgbò nìyẹn.

Ẹ̀kẹta ni ohun tó lè bà á: ẹ̀ka igi dóńgóyárò, yìnyín, páànù tó fò láti ilé ẹlòmíràn. Ẹ̀kẹrin ni oòrùn àti ọyẹ́, nítorí pé ike tó ti gbó lójú oòrùn fún ọdún mẹ́fà kì í ṣe ike tí ẹ rà mọ́. Owó gbẹ̀yìn, pẹ̀lú ìbéèrè tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé: bí ó bá bàjẹ́, ṣé ẹ lè rí irú rẹ̀ rà ní Ìlọrin tàbí Ọ̀fà láàárín ọjọ́ méjì, kí òjò kejì tó dé?

Pákó àti tapólì

Pílíwúùdù ni àwọn ará Florida máa ń kàn bo fèrèsé. Odindi pílíwúùdù mílímítà 12, ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8, wúwo tó kìlógíráàmù 20. Lọ́wọ́ ẹni tó dúró lórí òrùlé tí atẹ́gùn ti bẹ̀rẹ̀, ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi ló dì. Fún ìjì tiwa, kò ṣeé lò bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Ibi kan péré ló ti bá wa mu: ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbé láti oṣù kìíní títí dé oṣù kẹfà, bí ilé tí ọmọ ìlú tó ń gbé Èkó tàbí òkè òkun kọ́ sí Òrò tàbí Ìgbájà, tó ń wá sùn nígbà ọdún nìkan. Kí ó tó lọ, kí káfíńtà gé pílíwúùdù tó ju fèrèsé náà lọ ní sẹ̀ǹtímítà 10 lọ́tùn-ún lósì, lókè nísàlẹ̀. Kí ó kun etí rẹ̀ ní ọ̀dà olóróró lẹ́ẹ̀mejì, nítorí etí ni omi ń gbà wọ̀ ọ́ tí yóò fi wú. Kí ó sì fi skúrúù dè é mọ́ ráfítà (igi òrùlé tó gbé pọ́lìn dúró) tàbí pọ́lìn. Pílíwúùdù tí a kàn mọ́ páànù lásán, páànù náà ló máa gbé lọ.

Ní ti tapólì, ìtọ́jú lẹ́yìn ìjàǹbá ni. Kì í ṣe ààbò. Bí fèrèsé bá ti fọ́, ẹ jẹ́ kí etí òkè tapólì kọjá ṣóńṣó òrùlé bọ́ sí òdìkejì, kí ẹ sì fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kàn án mọ́lẹ̀ yí ká. Èyí tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù tẹ̀ lórí, ìjì kejì ló máa gbé búlọ́ọ̀kù náà sọ sínú ilé.

Àwọ̀n irin

Ọ̀dọ̀ jórinjórin lẹ ti máa rí èyí. Irin tí wọ́n fi jó férémù, àwọ̀n tó nípọn láàárín, ihò rẹ̀ kí ó má ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, kí wọ́n sì gbé e sókè ní sẹ̀ǹtímítà 7 sí 10 lórí fèrèsé náà, kí ẹ̀ka igi tó bá bà á má baà kan ike tàbí gíláàsì bí àwọ̀n bá tẹ̀. Ó dára púpọ̀ níbi tí igi bá ti ṣíji bo ilé, bí ó ti rí káàkiri àwọn ìlú Ìgbómìnà. Ó tún ń dí olè lọ́wọ́, òun sì nìdí tí ọ̀pọ̀ fi ń fi í sí i.

Ẹ má ṣe retí ohun tí kò lè ṣe. Àwọ̀n kò dí atẹ́gùn. Agbára tó ń fa fèrèsé sókè ṣì wà níbẹ̀ pátápátá, nítorí náà ẹni tó fi àwọ̀n bo páànù fáíbà tí ìṣó rẹ̀ ti ń mì, owó ló fi ṣòfò. Ewé á tún máa kó jọ sábẹ́ rẹ̀. Ewé náà á sé omi, omi á sì gba abẹ́ ìdè páànù wọ inú àjà. Ẹ ní kí jórinjórin fi hínjì ṣe é bí ilẹ̀kùn, kí ẹ lè ṣí i gbá a ní oṣù kejì àti oṣù kẹjọ. Ojú ibi tí iná jíjó bá kàn ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ọ̀dà adènà ìpẹtà kùn ún dáadáa.

Bí fèrèsé náà bá jẹ́ gíláàsì, àwọ̀n kejì nísàlẹ̀, nínú ilé, wúlò ju ti òkè lọ: òun ló máa gba àfọ́kù kí ó má já lé ọmọdé lórí.

Páànù fáíbàgíláàsì

Òun ló wọ́pọ̀ jù, òun ló sì dínwó jù. Ó ní ìgbì bíi ti páànù, káfíńtà mọ̀ ọ́n kàn, gbogbo ṣọ́ọ̀bù páànù ló ní i. Nígbà tó bá ṣì tuntun, tí ó tó mílímítà 1.5 nípọn, kì í ṣe aláìlágbára.

Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń darúgbó láìsọ fún ẹni. Oòrùn á jẹ òróró líle tó so àwọn okùn inú rẹ̀ pọ̀, àwọ̀ rẹ̀ á di pípọ́n bí omi ẹ̀kọ ọjọ́ kẹta, àwọn okùn tín-ín-rín á yọ síta, ọyẹ́ á fi eruku kún un. Bí ẹ bá gun àkàbà, tí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ etí rẹ̀, tí ó dún ràkà-ràkà, ó ti kú. Ìjì tó ń bọ̀ kò ní ṣí i ní ìdí ìṣó, àárín ló ti máa ya, ìdajì á dúró, ìdajì á fò lọ. Ẹ má ṣe pààrọ̀ ìṣó lára irú èyí. Páànù náà gan-an ni kí ẹ pààrọ̀.

Èyí tí wọ́n ń tà tó fẹ́lẹ́ débi pé ẹ lè fi ọwọ́ kan ká a bí ẹní, tí iye rẹ̀ kò tó ìdajì ti ojúlówó, ilé adìẹ pàápàá kò yẹ kó lò ó.

Pọ́líkábónéètì

Fún ọ̀pọ̀ ilé tí ènìyàn ń gbé, èyí ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Ike ni, ṣùgbọ́n ike tí yìnyín kì í sábà fọ́, tí ẹ̀ka igi lè bà kó tẹ̀ kó tún padà. Oríṣi mẹ́ta lẹ máa rí. Ọ̀kan ní ìgbì bíi páànù, ó sì ń bá páànù alumíníọ̀mù lọ bí ìgbì wọn bá jọra. Ẹ mú àfọ́kù páànù yín dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù kí ẹ fi wọ́n lé ara wọn, nítorí ìgbì tí kò bára mu ń fi àlàfo sílẹ̀, àlàfo ni atẹ́gùn sì ń fi ìka bọ̀. Èkejì ní ihò gbọọrọ nínú bí ewé àlùbọ́sà. Ó fúyẹ́, ó ń dín ooru kù, mílímítà 10 ló dára tí pọ́lìn bá jìnnà síra ní sẹ̀ǹtímítà 60. Ẹ̀kẹta ki, kò ní ihò, ó mọ́ bíi gíláàsì. Mílímítà 3 tàbí 4 rẹ̀ ló lágbára jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, owó rẹ̀ ló sì ga jù.

Ohun tó ń ba pọ́líkábónéètì jẹ́ ní Ìlọrin, ọwọ́ oníṣẹ́ ló ti ń wá. Ike náà fúnra rẹ̀ kò ní ẹ̀bi tó bẹ́ẹ̀.

Ó ń wú lóòrùn, ó ń sún kì ní òtútù. Èyí tó gùn ní mítà 3, láàárín òwúrọ̀ ọyẹ́ àti ọ̀sán oṣù kẹta tí ara rẹ̀ bá gbóná ju ti òwúrọ̀ lọ ní ìwọ̀n 40, á fi nǹkan bíi mílímítà 8 gùn sí i. Bí káfíńtà bá gba skúrúù sí i ṣinṣin láìfi àyè sílẹ̀, kò ní ibi tó máa wú sí. Ìdí skúrúù á bẹ̀rẹ̀ sí í ya, ìlà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, ẹ kò ní rí i láti ilẹ̀. Ìlà yẹn ni ìjì máa fà ya. Kí ó lu ihò rẹ̀ pẹ̀lú dírílì ṣáájú, kí ihò náà fi mílímítà 3 tàbí 4 ju ọrùn skúrúù lọ, kí ó lo wáṣà onírọ́bà tó fẹ̀ láti fi bo ihò náà, kí ó sì dẹ́kun yíyí i ní kété tí rọ́bà bá ti kan ara ike. Bí rọ́bà bá ti fún yọ síta bí ètè, ó ti le jù.

Apá kan ṣoṣo ni wọ́n fi ohun tó ń gba oòrùn dúró sí. Apá yẹn ló gbọ́dọ̀ kọjú sókè. Ara ọ̀rá tí wọ́n fi bò ó ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí oníṣọ́ọ̀bù ti bó ọ̀rá náà kúrò. Ẹ bi í: "Àlàájì, apá wo ló kọjú sí oòrùn?" Bí kò bá lè fi hàn yín, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn. Ike tí wọ́n dà kọ ojú rẹ̀ á pọ́n, á sì máa fọ́ wẹ́wẹ́ láàárín ọdún díẹ̀, nígbà tí èyí tí wọ́n fi sí i dáadáa sábà máa ń lò tó ọdún 10. Ọjọ́ tí wọ́n bá kàn án tán ni kí wọ́n bó ọ̀rá náà; bí oòrùn bá pa á mọ́ ọn, kò ní bó mọ́.

Ti oníhò: kí ihò rẹ̀ gba òkè wá sí ìsàlẹ̀ bí omi òjò ṣe ń ṣàn. Kí wọ́n fi téèpù alumíníọ̀mù dí ẹnu òkè pa pátápátá, kí wọ́n sì fi téèpù tó ń jẹ́ kí omi jáde dí ti ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, eèrà á kọ́lé sínú rẹ̀, èbíbu á sì sọ ọ́ di aláwọ̀ ewé.

Sílíkónì tó ń rùn bí ọtí kíkan kò bá a lò pọ̀, ó ń jẹ ẹ́. Tí kò ní òórùn yẹn ni kí ẹ béèrè. Ẹ má ṣe fi pẹtiróòlù tàbí tínà nù ún láé. Omi, ọṣẹ àti aṣọ rírọ̀ ti tó, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi omi ṣan yanrìn ọyẹ́ kúrò kí ó má baà ha á.

Gíláàsì

Ẹ wo ọkọ̀ tó bá ní ìjàǹbá. Gíláàsì iwájú rẹ̀ á fọ́ bí aṣọ alántakùn, ṣùgbọ́n á dúró síbi tó wà. Ti ẹ̀gbẹ́ á fọ́ wẹ́wẹ́ bí yìnyín, á dà sílẹ̀, ojú ihò á ṣófo. Méjèèjì ni àwọn oníṣòwò ń pè ní gíláàsì tí kì í fọ́. Ti iwájú ni gíláàsì aláwẹ́ méjì tí wọ́n fi ike tín-ín-rín lẹ̀ pọ̀ láàárín. Ti ẹ̀gbẹ́ ni gíláàsì yíyan. Lórí òrùlé, irú ti iwájú ni kí ẹ rà. Lẹ́yìn tí hurricane Andrew ba gúúsù Florida jẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 1992, wọ́n sọ òfin ìkọ́lé wọn di líle níbẹ̀: igi tó wúwo tó kìlógíráàmù 4 ni wọ́n ń yìn lu gíláàsì bí ọta ìbọn, ní ìwọ̀n eré mítà 15 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Gíláàsì yíyan lásán kì í la ìdánwò yẹn já. Gíláàsì pẹlẹbẹ ti fèrèsé ògiri, ẹ má tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀.

Ìwúwo ni ìṣòro. Aláwẹ́ méjì tí awẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílímítà 4 wúwo tó kìlógíráàmù 20 lórí mítà 1 níbùú lóròó, kí a tó ka férémù. Pọ́lìn tí wọ́n kàn fún páànù kò lè gbé e. Ó nílò ráfítà méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan àti àpótí igi tàbí irin tó ga sókè ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 lórí páànù, kí omi má baà rọ́ wọ abẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ni, kì í ṣe ti káfíńtà àdúgbò. Bí ó bá sì fọ́, ó lè gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó gé òmíràn wá, nínú òjò.

Ọ̀rá tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì tó ti wà nílé tẹ́lẹ̀ á jẹ́ kí àfọ́kù dúró pọ̀. Kò fi nǹkan kan kún agbára férémù. Ó sàn ju kí a má ṣe nǹkan kan lọ.

Dídí i pa

A kì í sábà kà á mọ́ àwọn ọ̀nà tó wà, ó sì yẹ ká kà á. Bí fèrèsé òrùlé bá wà ní igun òrùlé, ní etí, tàbí lẹ́bàá ṣóńṣó rẹ̀, níbi tí atẹ́gùn ti ń fà á jù, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi páànù alumíníọ̀mù mílímítà 0.55 dí i, kí ẹ sì la fèrèsé kékeré sókè ògiri, lábẹ́ àjà. Ìmọ́lẹ̀ á wọlé, ooru oṣù kẹta á dínkù. Owó rẹ̀ kò ju ti pọ́líkábónéètì dáadáa lọ.

Ohun tó mú un mọ́lẹ̀

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ìdè ni gbogbo rẹ̀. Fáíbà tí wọ́n dè dáadáa á dúró ju gíláàsì olówó ńlá tí wọ́n fi ìṣó lásán kàn lọ.

Ẹ fojú inú wo ìṣó páànù kan. Lọ́sàn-án, páànù á wú, á ti ìṣó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lóru, á sún kì, á fà á padà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ihò tó rí róbótó á ti gùn bí ojú abẹ́rẹ́, rọ́bà abẹ́ rẹ̀ á ti là, ìṣó á ti fi díẹ̀ yọ sókè. Ìjì kò ní láti fa nǹkan kan tu mọ́. Ó kàn máa parí iṣẹ́ tí oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ ni. Lọ́sàn-án gangan, ẹ wọ inú àjà, kí ẹ pa tọ́ọ̀ṣì yín. Ibi tí ẹ bá ti rí ìtànṣán tín-ín-rín ní ìdí ìṣó, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Skúrúù ni kí ẹ fi rọ́pò ìṣó, èyí tó wọ inú igi tó sẹ̀ǹtímítà 4. Pọ́lìn abẹ́ fèrèsé òrùlé kí ó sún mọ́ra ní sẹ̀ǹtímítà 60, bí ti páànù yòókù bá tilẹ̀ jẹ́ 90. Fún páànù onímọ́lẹ̀ tó gùn ní mítà 2.4, pọ́lìn márùn-ún ni ìyẹn: skúrúù márùn-ún lórí ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, mẹ́ta mẹ́ta lórí àwọn ti àárín, ó jẹ́ 19. Ẹ ra 25, díẹ̀ á bàjẹ́. Bí ẹ bá ń lọ ra igi ní Sọ́míìlì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi arère tà fún yín fún pọ́lìn yìí. Ó rọ̀, kì í di skúrúù mú, ikán sì fẹ́ràn rẹ̀. Àpá tàbí ọ̀pẹ̀pẹ̀ ni kí ẹ béèrè.

Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ de pọ́lìn mọ́ ráfítà, kí wọ́n de ráfítà mọ́ igi orí ògiri, kí igi orí ògiri sì ní irin tó wọ inú kọnkéré. Bí ìkan nínú ìdè yìí bá já, gbogbo rẹ̀ ló já. Nínú ilé amọ̀ àtijọ́ ibi ìdè tó kẹ́yìn yìí ló ń ṣòro, nítorí náà ẹ jẹ́ kí fèrèsé òrùlé níbẹ̀ kéré, kí ó sì fúyẹ́.

Ìlà-oòrùn ni ìjì wa ti sábà ń wá. Etí páànù onímọ́lẹ̀ tó kọjú sí ìlà-oòrùn kí ó wà lábẹ́ páànù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí atẹ́gùn má rí ètè tó máa ká. Òkè rẹ̀ kí ó wọ abẹ́ páànù òkè ní sẹ̀ǹtímítà 20, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ó gun orí páànù ìsàlẹ̀. Kí ó jìnnà sí etí òrùlé ní mítà 1 ó kéré tán.

Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́. Eruku ọyẹ́ máa ń bò ó débi pé kò yàtọ̀ sí páànù lójú ẹni tó gòkè, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ á sì já sínú páálọ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí páànù tó yí i ká, kí wọ́n sì fi pákó gbọọrọ lé orí pọ́lìn kí wọ́n tó sún mọ́ ọn.

Ta ni kí ó mú èwo

Onílé tó ń kọ́lé lọ́wọ́, tí igi òrùlé ṣì wà ní gbangba, kí ó lo pọ́líkábónéètì onígbì tàbí oníhò mílímítà 10, kí ó sì ná owó tó kù sórí irin ìdè. Àkókò tí ìdè dínwó jù nìyẹn, páànù kò tíì bò ó.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí fèrèsé rẹ̀ wà lókè àtẹ̀gùn tí ọmọdé ń gbà kọjá: gíláàsì aláwẹ́ méjì bí owó bá wà, pọ́líkábónéètì kíki bí kò bá sí. Bí gíláàsì yíyan ló ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọ̀n nísàlẹ̀ kí oṣù kẹta tó wọlé.

Ilé tí igi ńlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nílò àwọ̀n irin lórí pọ́líkábónéètì, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ gé ẹ̀ka tó nà sórí òrùlé. Ilé adìẹ àti gáréèjì lè lo fáíbà ojúlówó, bí ẹni tó ni ín bá gbà láti máa fi àtàǹpàkò dán an wò lọ́dọọdún. Ilé amọ̀ inú agbo ilé, ojú ìmọ́lẹ̀ kan péré, tó kéré, jìnnà sí etí. Bí ó bá ti wà ní igun, kí wọ́n dí i. Ilé tí wọ́n tì pa ní Ìgbájà, pílíwúùdù tí wọ́n fi skúrúù dè kí wọ́n tó lọ.

Ẹni tó háyà ilé kò lè tú òrùlé ẹlòmíràn. Kí ó dúró sórí àkàbà, kí ó ya fọ́tò ìdí ìṣó àti ibi tí ike ti là, kí ó fi ránṣẹ́ sí onílé kí oṣù kejì tó parí. Lẹ́yìn ìjì àkọ́kọ́, káfíńtà tó mọṣẹ́ kì í ṣeé rí mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Títí onílé á fi dáhùn, bí ojú ọjọ́ bá ti ṣú, kí ó ti gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé pa, kí atẹ́gùn má baà rí ìsàlẹ̀ gbà ti òrùlé, kí ó sì kó àwọn ọmọ kúrò lábẹ́ ojú ìmọ́lẹ̀ náà lọ sí yàrá tó ní àjà.